Ọ̀gá Ìdáná àti Abọ́ Kùkúmbà

Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é lórúkọ. Nílé-iṣẹ́ ìhunṣọ tó ti ń dáná fún irinwó òṣìṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Ọ̀gá Ìdáná ni wọ́n ń pè é. Ládùúgbò, Ọ̀gá Ìdáná ni. Ọkọ rẹ̀ pàápàá, kó tó kú, bó bá fẹ́ kó bù kún ọbẹ̀ òun, á ní, "Ọ̀gá Ìdáná, ẹ ṣàánú wa." Obìnrin náà ga, ó síngbọnlẹ̀, apá rẹ̀ le bí apá lagilagi, ohùn rẹ̀ sì máa ń ti ìdí iná dé ẹnu géètì. Bó bá da àlùbọ́sà sínú òróró gbígbóná, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ lókè lọ́hùn-ún á bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Ohun tó fi ń yangàn láyé kò ju ẹyọ kan lọ: kò sí ẹnu tó kọ oúnjẹ òun rí.

Ẹnu tó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ ni ẹnu ìyá rẹ̀.

Ìyá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ibà dá a dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó padà délé, ara ti yá, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò wọ ọ̀fun mọ́. Bó bá ti gbóòórùn òróró gbígbóná báyìí, èébì á gbé e. Ọ̀gá Ìdáná ò gbà. Ó se ọbẹ̀ ẹran, ìyá ní òun ti yó. Ó se ọbẹ̀ ẹja, ìyá yíjú sí ògiri. Ó din adìẹ títí ó fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìyá di imú mú, ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, gbé e jáde fún mi." Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ló fi gbé ìkòkò lọ tó sì gbé ìkòkò bọ̀. Òpópónà méjì ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé ìyá, gbogbo ẹni tó jókòó síta ló sì ń rí i pé bí ìkòkò náà ṣe wúwo nígbà tó ń lọ náà ló wúwo nígbà tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ keje, ó wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn, abọ́ kan wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ṣíbí ha ìdí abọ́ náà. Ìyá gbé abọ́ sẹ́nu, ó mu omi tó kù nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu bí ọmọdé.

"Kí lẹ jẹ, Màmá?"

"Bi àbúrò rẹ. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Ó tutù, ó dùn, ó sì lọ tààrà."

Ọmọ méjì péré ni ìyá náà bí. Àbúrò yìí ni èkejì, ọdún mẹ́jọ ni Ọ̀gá Ìdáná sì fi jù ú lọ. Aago ló ń tún ṣe. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ ìrìn àjò tí kò bọ̀ ló ti padà sọ́dọ̀ ìyá, ó sì gbé tábìlì kékeré kan sẹ́bàá fèrèsé yàrá ìgbàlejò, pẹ̀lú iná mànàmáná kan, awò kan tó máa ń fi sójú kan ṣoṣo, àti àwọn irin wínníwínní tí èémí lásán lè fẹ́ lọ. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Jóná ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é láti kékeré, nítorí ìkòkò kan tó jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bí àlejò bá wà nílé, Ọ̀gá Ìdáná á ní, "Ẹ má jẹ́ kí Jóná sún mọ́ iná o, ká má lọ sùn síta lónìí." Gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Jóná náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Jóná!" Ọ̀gá Ìdáná ti ń lọ sí ilé ìdáná. "Kí lo fún Màmá jẹ?"

"Kùkúmbà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kùkúmbà àti tòmátì."

"Kí lo fi sè é?"

"N ò sè é."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe òmíràn lọ́wọ́ ni, Ọ̀gá Ìdáná sì dúró tì í, ó káwọ́ gbera, ó ń wò ó. Àbúrò rẹ̀ bó kùkúmbà náà ní ìlà-ìlà, ó fi èèpo díẹ̀ sílẹ̀ sí i lára. Ó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni tó fẹ́ kó lè ríran gba inú rẹ̀ kọjá. Àlùbọ́sà tó ti gé tẹ́lẹ̀ wà nínú omi iyọ̀, kí títa rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ó fún un gbẹ, ó tú u sórí tòmátì. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ ààbọ̀ lé e, ó ta òróró díẹ̀ sí i, ó fi ọwọ́ já ewé míńtì méjì mẹ́ta sí i, kò fi ọ̀bẹ kàn án. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ló wá bu ẹ̀pà yíyan tó gún, tí kò jẹ́ kó kúnná, sórí rẹ̀.

"Ó tán?"

"Ó tán, ẹ̀gbọ́n mi."

"Oúnjẹ ewúrẹ́ rèé!"

Ohùn ìyá jáde láti inú yàrá. "Ewúrẹ́ náà gbọ́n ju ẹni tó ń fi igi lé e lọ. Ẹ bu tèmi wá!"

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti wọ Ọ̀gá Ìdáná lára. Kì í ṣe pé kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ jẹun. Bó bá dé, á kọ́kọ́ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá, á rí i pé ó ti ń kún, inú rẹ̀ á dùn. Lẹ́yìn náà á rántí ọwọ́ tó mú un kún, inú náà á sì korò bí oògùn ibà. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, torí ìjẹ owú kì í yó ni. Ẹran àyà Ọ̀gá Ìdáná ò dín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì. Òwú ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ yẹn, owú ni ọ̀gá ìdáná wọn ń jẹ. Lọ́jọ́ kan, ó dúró níwájú ìkòkò ńlá, ó ń ro ọ̀rọ̀ kùkúmbà, igbákejì rẹ̀ sì fa òórùn símú.

"Ọ̀gá, ó dà bíi pé nǹkan ń jó."

"Imú rẹ ló ń jó."

Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ irinwó ènìyàn ti di mọ́ ìdí ìkòkò. Ó ní kí igbákejì rẹ̀ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nílé ìyá, abọ́ kan ń gba ọwọ́ òmíràn. Lónìí, ẹ̀wà jíjinná tí Jóná rà lọ́jà, tó ti tutù, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì tí a rin, atalẹ̀ díẹ̀ àti oyin tí a kán sí i. Lọ́la, píà tí a tẹ̀ mọ́ tòmátì, pẹ̀lú iyọ̀ àti ata gígún. Lọ́túnla, ìrẹsì tó rà lánàá, tó ti tutù, tí a da ọ̀pẹ̀ òyìnbó wẹ́wẹ́ àti kùkúmbà pọ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ti padà sójú yín o, Màmá! Ta ló ń tọ́jú yín báyìí?" Ọ̀gá Ìdáná wà níbẹ̀, ó di aṣọ ìnura mú lọ́wọ́, òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ìyá tán. Ìyá fi àgbọ̀n júwe ìdí tábìlì aago.

"Alásè mi rèé," ó wí.

Alásè mi. Ogójì ọdún ni ìyá fi ń pe ẹnì kan bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ẹni tó jókòó sídìí aago yẹn. Ọ̀gá Ìdáná ká aṣọ ìnura náà, ó tún un ká, ó tún un ká, títí kò fi ṣeé ká mọ́.

Ó ní òun náà á ṣe sàláàdì. Kí ló ṣòro nínú kí ènìyàn gé ewébẹ̀? Ó jí láàárọ̀ Sátidé, ó kó oríṣi nǹkan mọ́kànlá jọ: kábéèjì, létúùsì, kárọ́ọ̀tì, ẹyin sísè, ẹ̀wà inú agolo, ọ̀dùnkún, ata rodo, ata tàtàsé, kùkúmbà, tòmátì, àti mayonéèsì tó fi bo gbogbo rẹ̀. Ó fi iyọ̀ sí i láàárọ̀, ọ̀sán ló gbé e débẹ̀. Nígbà tó ṣí ìdérí, létúùsì ti sùn, omi sì ti kún ìdí abọ́ débi tí ẹyin ń wẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìyá jẹ ṣíbí méjì. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"O káre. O ṣe wàhálà púpọ̀."

Ká ní ó tutọ́ sí i ni, ì bá sàn. Bí ìyá ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó onílé àdúgbò tó bá gbé nǹkan wá kí i nìyẹn. Ó fi ohùn àlejò dá ọmọ rẹ̀ lóhùn. Ọ̀gá Ìdáná gbé abọ́ rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, kò kí àbúrò rẹ̀ pé ó dàbọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú kejì ránṣẹ́ pe Jóná pé kó wá tún aago ńlá tó wà lórí ilé wọn ṣe. Á jáde ní kùtùkùtù, á sì dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró ti Màmá lọ́jọ́bọ̀. Mo ti máa gé gbogbo nǹkan sílẹ̀. Abọ́ méjì á wà nínú fíríìjì, ọ̀kan fún ọ̀sán, ọ̀kan fún ìrọ̀lẹ́. Ẹ má tíì fi iyọ̀ sí i, àfi tí wọ́n bá ti mú ṣíbí lọ́wọ́."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bu oúnjẹ?"

"Rárá o. Ẹ má bínú."

Lọ́jọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, Ọ̀gá Ìdáná ṣí fíríìjì. Abọ́ méjèèjì jókòó síbẹ̀, àwo pẹrẹsẹ ló bò wọ́n lórí. Ó ṣí ọ̀kan. Kùkúmbà náà tò yípo, ọ̀kan gun èkejì létí, bí eyín kẹ̀kẹ́ kéékèèké inú aago. Ó rí i pé ó lẹ́wà. Bó ṣe lẹ́wà yẹn gan-an ló mú ọkàn rẹ̀ gbóná. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti gbé abọ́ méjèèjì lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ti dà wọ́n sínú garawa ìdọ̀tí, ó ti fọ abọ́, ó ti nù wọ́n, ó ti gbé wọn padà sórí pẹpẹ. Ó wá dáná. Kò din nǹkan kan, ó bọ tòmátì àti ẹja tútù nínú omi lásán, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí ebi bá ń pa ìyá, tí kò sì sí òmíràn, á jẹ tòun. Bó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹnu rẹ̀ á rántí.

Ìyá wo àwo náà. "Abọ́ mi ńkọ́?"

"Jóná ò gbé nǹkan kan sílẹ̀, Màmá. Ó jọ pé ó gbàgbé."

"Ó gbàgbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ìyá wò ó, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára rẹ̀. "Ó dáa. Fún mi lómi."

Omi nìkan ló mu. Aago kan lù, aago méjì lù, aago mẹ́ta lù. Ọ̀gá Ìdáná gbé ọbẹ̀ náà wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé e jáde lẹ́ẹ̀mẹta. Ní bíi aago mẹ́rin, ìyá ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ojú rẹ̀ ṣú, ó sì yọ̀ wálẹ̀ lára ògiri, láìpariwo, bí aṣọ tó jábọ́ lórí okùn. Ọ̀gá Ìdáná fò, ó gbé e mọ́ra. Ìkòkò ọbẹ̀ tó ń gbé lójoojúmọ́ wúwo jù ú lọ. Obìnrin tó bí i rèé, tó pọ̀n ọ́n, tó ti gbá a nígbàájú rí, kò wá wúwo tó ìkòkò.

Ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ó sáré lọ sílé ìdáná. Kò dáná. Kùkúmbà kan ṣoṣo ló kù, àti tòmátì méjì, àti ọsàn wẹ́wẹ́. Míńtì ò sí, ẹ̀pà ò sí. Ó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nítorí eyín ìyá tí kò pé, ó gé ìka ara rẹ̀ díẹ̀, ó fi ẹnu fà á. Ó fún ọsàn, ó fi iyọ̀ ìka méjì sí i, ó kán oyin sí i, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ìyá jẹ ẹ́. Ó jẹ gbogbo rẹ̀. Ohun tí Ọ̀gá Ìdáná ti ń wá láti oṣù méjì sẹ́yìn rèé, kò sì rí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀.

"Ó dùn," ni ìyá wí, nígbà tí àwọ̀ ti padà sí ètè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, "Mo rí ọ láàárọ̀ láti orí ibùsùn yìí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Ìdáná. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀, Màmá?"

"Mo ní kí n wo ibi tí ebi tó ń pa ọ́ máa gbé ọ dé."

Òòrùn ń wọ̀ nígbà tí Jóná dé, eruku aago ilé-ẹ̀kọ́ kún orí rẹ̀. Kò tíì gbé àpò irinṣẹ́ sílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò. Jóná sáré fà á ní apá, ó ní ṣé ìyá ti kú ni.

"Wọn ò kú. Èmi ni mo da oúnjẹ wọn nù. Méjèèjì. Mo sì pa irọ́ mọ́ ọ pé o gbàgbé. Wọ́n ṣubú."

Jóná wọ yàrá lọ, ó wo ìyá, ó fọwọ́ kàn án lórí, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀. Ó padà jáde. Ohùn rẹ̀ ò ròkè, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò gbọ́ irú ohùn náà lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ ìdí tí mo fi mọ oúnjẹ tí wọn ò fi iná sè? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìkòkò yẹn jóná. Ẹ ò jẹ́ kí n gbàgbé. Níwájú àlejò, níwájú ọkọ mi lọ́jọ́ tó wá mọ̀ mí nílé. Ẹ̀rù iná ń bà mí títí di òní. Bí mo bá fẹ́ jẹun láìsí ẹni tó máa fi mí rẹ́rìn-ín, mo ń gé nǹkan tútù, mo ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ogójì ọdún ni mo fi ń gbọ́ tí Màmá ń pè yín ní alásè. Owú ń jẹ mí débi pé mo máa ń jáde nínú yàrá. Ṣùgbọ́n n ò da ọbẹ̀ yín nù rí."

Bí Ọ̀gá Ìdáná yóò bá sọ òtítọ́, ohun tó kọ́kọ́ ṣe é nígbà tó gbọ́ pé àbúrò òun ti jowú òun rí ni pé ó dùn mọ́ ọn nínú. Ìtìjú ló wá tẹ̀ lé e, ìyẹn sì pẹ́ lára rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé," ni àbúrò rẹ̀ wí.

Ó fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ọ̀gá Ìdáná, tí kì í kanlẹ̀kùn, fi ń kanlẹ̀kùn ilé ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn. Jóná á ṣílẹ̀kùn, á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á padà sídìí aago. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é ní "àbúrò mi". Ó ti gbé orúkọ àtijọ́ jù sílẹ̀ pátápátá. Lọ́sẹ̀ kẹrin, nígbà tí iṣẹ́ aago pọ̀, Jóná sọ láìgbójú sókè pé, "Ẹ bá mi gé àlùbọ́sà tó wà níbẹ̀ yẹn." Ó gé e. Ìyá ní ó nípọn jù. Ó tún un gé.

Owú náà ò kúrò tán. Ọjọ́ kan á wà tí ìyá á jẹ abọ́ ọwọ́ àbúrò tán, á fi ti ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ ní ààbọ̀, nǹkan á sì ta kókó láyà Ọ̀gá Ìdáná. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́ láti sọ ọ́ síta. Á ní, "Owú ń jẹ mí o," ìyá á ní, "Mu omi sí i," wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Nígbà tí ooru mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ nílé-iṣẹ́: kùkúmbà, tòmátì, àlùbọ́sà, ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ̀pà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti làágùn dé ìgbáròkó ha abọ́ náà mọ́ féfé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Ọ̀gá Ìdáná, níbo lẹ ti kọ́ eléyìí?" ni mẹkáníìkì kan bi í.

"Kọ́ ọ kẹ̀? Èmi ni mo dá a sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rí i dì mú. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn, oúnjẹ ò lọ lọ́fun rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ìgbakọ lu ìkòkò kíkan kíkan títí gbogbo ilé fi pa rọ́rọ́.

"Ẹ gbọ́ o! Abọ́ tí ẹ ń ha yìí, kì í ṣe tèmi. Àbúrò mi obìnrin ló ni ín. Aago ló ń tún ṣe."

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn, "Ẹ gbà á síṣẹ́ níbí, kí ẹ̀yin máa lọ tún aago ṣe!"

Ilé gba ẹ̀rín. Owú tún ta Ọ̀gá Ìdáná láyà. Ó gbé e mì. Ó bu ọbẹ̀ fún ọkùnrin náà ní ìlọ́po méjì, kó má bàa sọ pé ó bínú.

Nígbà tó dé ilé ìyá nírọ̀lẹ́, ó ròyìn gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ò yọ awò kúrò lójú, ó ń fi irin kékeré gbé eyín aago kan sípò.

"Ọjọ́ mélòó lẹ fi sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mẹ́ta."

"Ó yá ju bí mo ṣe rò lọ."